Ta ni Àlejò ní Ọjọ́ Kérésìmesì?

Nígbàkúùgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí àwọn ọmọdé sì ń ka iye ọjọ́ tí ó kù kí Kérésìmesì dé, ìbéèrè kan a máa padà wá sí ọkàn mi. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1999. Ìbéèrè náà nìyí: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí tọkọtaya tí ó ti dàgbà, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ń retí wọn, fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe ọdún ìbí Olúwa ní ilẹ̀ òkèèrè nítorí iṣẹ́ Ìyìn Rere? Bí ó bá sì tọ́, ta ni yóò san gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò dá mi lóhùn kíákíá pé iṣẹ́ Olúwa ṣáájú ohun gbogbo. Èmi náà ti wàásù bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó bá yá jù kì í sábà lè gbé ẹrù tí ó wúwo. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

ÀGBÀ NÍNÚ ILÉ

Láàrin àwa Yorùbá, Kérésìmesì kì í ṣe ọjọ́ ìsìn nìkan. Ọjọ́ ìpadàwálé ni. Ẹni tí ó wà ní Èkó, ẹni tí ó wà ní Kánò, ẹni tí ó ń ṣòwò ní Kútọnu, gbogbo wọn a máa dojú kọ ilé. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ? Ọ̀dọ̀ àgbà ni. Bàbá á jókòó sí iwájú ilé, ìyá á wà nídìí ààrò. Wọn á pa adìyẹ, wọn á se ìrẹsì, wọn á sì bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí, àwọn tí wọ́n ti fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa ṣáájú. Bí àgbà bá kúrò níbẹ̀, ilé lè má wó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ń padà lọ bá mọ́. Àwọn bàbá wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ fún wa ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí a bá rán àgbà lọ sí ọjà mìíràn.

Bíbélì fún wa ní tọkọtaya àgbà tí a rán jáde. Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tí ó kúrò ní Háránì. Sárà, ẹni tí ó fi ọdún 10 jù lọ, ti di ẹni ọdún 65. A máa ń fi ìgbọràn wọn kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé wọn kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ nílé, nítorí wọn kò tí ì bí. Àwa tí à ń lọ lónìí ní ọmọ, a sì ní ọmọ-ọmọ.

Ẹ tún wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí Bíbélì Yorùbá jẹ ní gbèsè púpọ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún 50 nígbà tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Orí Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, Èkó sì ni ilé rẹ̀ wà. Susan aya rẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gẹ́gẹ́ bí a ti gba òun náà, ni ó ń di ilé mú nígbà tí ọkọ bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, títí ó fi kú ní ọdún 1880. Àwọn ìwé ìtàn sọ púpọ̀ nípa ìrìn àjò ọkọ. Díẹ̀ ni wọ́n sọ nípa ẹni tí ó dúró dè é.

A RÁN WA SÍ ABIDJAN

Ní ọdún 1998 ni mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ àlùfáà, ní ẹni ọdún 60. Kò pẹ́ tí ìjọ mi fi bẹ̀ mí pé kí èmi àti aya mi lọ fi ọdún méjì ran àwọn onígbàgbọ́ tí ń sọ Yorùbá lọ́wọ́ ní Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Irú ìránni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní ayé ni ó ń rán àwọn tọkọtaya tí ó ti fẹ̀yìn tì jáde, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi owó ara wọn lọ.

Etí ọ̀sà Ébrié ni a kọ́ Abidjan sí, àwọn ará Ébrié sì ni onílẹ̀. Àwọn Faransé sọ ọ́ di olú-ìlú ní ọdún 1934; nígbà tí wọ́n sì la ọ̀nà omi já sí òkun ní Vridi ní ọdún 1950, ọkọ̀ òkun ráyè wọlé, ìlú náà sì gbòòrò. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yamoussoukro ni olú-ìlú láti ọdún 1983, Abidjan ni ọjà wà, Abidjan ni owó wà. Àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Anango ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dé ọjà Èjìgbò nílé, yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ tí ó padà dé.

Díẹ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ wa kò gba Nàìjíríà lọ síbẹ̀ tààrà. Láti ilẹ̀ Ghana ni wọ́n ti wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní ilẹ̀ náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti gbé níbẹ̀ láti ìran méjì, tí wọ́n ti kọ́ ilé, tí wọ́n sì ti kọ́ ilé ìsìn, di ẹrù ní ìdijú. Kérésìmesì ọdún náà bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà. Bí a bá ka ìtàn Màríà àti Jósẹ́fù sí etí irú àwọn bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí fún àlàyé gígùn.

Inú agbo ilé kan ní Treichville ni wọ́n ti gba yàrá méjì fún wa. Àwọn yàrá náà yí àgbàlá kan ká, ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wa sì ń lò: àwọn Baoulé, àwọn Dioula, ìdílé Mossi kan láti Burkina Faso, àti àwa. Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pè mí ni le vieux, èyí tí í ṣe arúgbó. Ní ilẹ̀ Faransé, ó lè jẹ́ àrífín. Ní Abidjan, ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ ò rí i pé kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń rí ìwọ̀n rẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá ti sọ ọ́ náà ń fún un ní ìwọ̀n.

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1999, àbíkẹ́yìn wa obìnrin ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé òun yóò bí ọmọ àkọ́kọ́ òun kí ọdún tó parí. Gbogbo wa mọ ohun tí àṣà béèrè. Ìyá ni í lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, òun ni í fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, òun ni í kọ́ ọ bí a ti ń pọn ọmọ. Aya mi kò sọ̀rọ̀; ó ń wo ojú mi. Mo ní ìjọ ń retí wa ní Kérésìmesì, mo ní a ti ṣètò àsè fún ogójì ọmọdé, mo ní Olúwa yóò rán ẹlòmíràn sí ọmọ wa. Ó ní, “Ó dára, Bàbá.” N kò béèrè ohunkóhun mọ́. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ìgbọràn.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésìmesì ni ọmọ náà dé ayé. Ìyá ọkọ ni ó wẹ̀ ẹ́. Ní àgbàlá wa ní Treichville, ọ̀dọ́mọbìnrin Baoulé kan ti bí ọmọkùnrin ní oṣù kan náà. Bouaké ni ìyá rẹ̀ wà, kò sì ráyè wá. Aya mi ni ó ń wẹ ọmọ náà ní àràárọ̀. Á nà á lọ́wọ́, á nà á lẹ́sẹ̀, á fi òrí pa á lára, á sì máa kì í ní oríkì ilé wa, bí ẹni pé ọmọ Baoulé náà gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí omi lójú rẹ̀ bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo rò pé ayọ̀ ni.

KÉRÉSÌMESÌ ỌDÚN 1999

Àwọn tí ó mọ ìtàn Côte d'Ivoire mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kérésìmesì ọdún náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun kan dìde nítorí owó oṣù àti ìyà tí wọ́n ní ó ń jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, Ọ̀gágun Robert Guéï kéde lórí rédíò pé òun ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Henri Konan Bédié. Ìbọn ń dún. Wọ́n ń kó àwọn ilé ìtajà lẹ́rù. Erékùṣù ni Treichville wà, afárá méjì péré ni ó sì so ó pọ̀ mọ́ Plateau nígbà náà. Ìrẹsì, adìyẹ àti àwọn ẹ̀bùn tí a ti rà fún àwọn ọmọdé wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Adjamé, ní òdìkejì omi. Kò sí ẹni tí ó lè lọ gbé wọn. Ìsìn òru kò ṣeé ṣe. Àsè kò ṣeé ṣe. Èmi tí mo fi ọmọ mi sílẹ̀ kí n lè wá bọ́ ọmọ ẹlòmíràn, n kò ní ohun tí n ó fi bọ́ ara mi.

Oṣù Ràmàdáánì ni oṣù náà. Gbogbo ìdílé Mossi inú àgbàlá wa wà nínú ààwẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, nígbà tí oòrùn wọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ ṣínu, ìyá àgbà inú ìdílé náà gbé abọ́ oúnjẹ kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó fi abọ́ mìíràn dé e. Ojú tì mí. Mo mọ iye ènìyàn tí ó ń retí oúnjẹ ní yàrá wọn. Mo dúpẹ́, mo sì ní a ti jẹun. Irọ́ ni mo pa, ní ọjọ́ ìbí Olúwa mi. Obìnrin náà kò gbé abọ́ padà. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Dioula, ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún mi: “Bàbá, ṣé oúnjẹ wa kò mọ́ tó fún ènìyàn Ọlọ́run ni?”

Aya mi ni ó dìde, tí ó kúnlẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà. A jẹ ẹ́. N kò tí ì gbàgbé oúnjẹ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè obìnrin náà ni ó wọ̀ mí lára jù.

ILÉ ÈRÒ TÀBÍ YÀRÁ ÀLEJÒ?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo Lúùkù orí kejì. Ẹ̀yin olùtumọ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ilé èrò ni Bíbélì wa pe ibi tí kò ti sí àyè fún Màríà àti Jósẹ́fù. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo eré Kérésìmesì tí àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń ṣe fi ní onílé èrò kan tí ń lé aboyún kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò níbẹ̀, kataluma, ni ó tún lò ní orí 22 fún yàrá tí Olúwa ti bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ àsè Ìrékọjá. Yàrá àlejò nínú ilé ènìyàn ni yàrá náà. Nígbà tí Lúùkù fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé èrò gan-an, níbi tí ará Samáríà gbé ẹni tí ó gbọgbẹ́ lọ ní orí 10, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó lò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi gbà pé ilé ìbátan ni Jósẹ́fù wọ̀ sí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Yàrá àlejò ti kún. Wọ́n sì fi ìyá àti ọmọ sí yàrá tí ìdílé ń gbé, níbi tí wọ́n ti máa ń kó ẹran wọlé ní alẹ́, tí ibùjẹ wọn sì wà.

Èmi kò sọ pé kí a pa ilé èrò rẹ́ kúrò nínú Bíbélì wa. Ọ̀rọ̀ tí ìran mẹ́rin ti mọ̀ lórí kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkánjú yí padà, àlàyé kékeré nísàlẹ̀ ojú ìwé sì lè tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìyàtọ̀ náà. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ayé kọ Olúwa. Nínú èkejì, ayé gbà á, ó sì fi ohun tí ó ní gbà á. Ohun tí ó ní kò sì pọ̀. Ìtàn kejì yìí ni ó ṣòro fún mi jù. Ó rọrùn láti dúró pẹ̀lú ẹni tí a lé, kí a sì bínú sí onílé. Ó ṣòro láti jẹ́ àlejò tí a fún ní ẹ̀gbẹ́ ẹran, kí a sì dúpẹ́ tọkàntọkàn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run sì ṣe. Kò kọ́kọ́ wá sí àárín wa gẹ́gẹ́ bí olùfúnni. Ó wá bí ọmọ tí a gbọ́dọ̀ wá àyè fún, tí a gbọ́dọ̀ fún lọ́mú, tí a gbọ́dọ̀ wẹ̀. Ta ni ó wẹ̀ ẹ́? Lúùkù kò sọ. Kò dárúkọ ìyá Màríà níbẹ̀. Bóyá obìnrin àdúgbò kan, tí kò mọ ẹni tí ó gbé lọ́wọ́, ni ó ṣe é.

Ilẹ̀ Côte d'Ivoire ti rí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe àlejò. Ní ọdún 1913, William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Làìbéríà, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 50, rìn wọ ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ lásán, pẹ̀lú aṣọ funfun, àgbélébùú, igbá àti Bíbélì. Kò ní ilé-iṣẹ́, kò ní owó. Ilé tí wọ́n bá gbà á sí ni ó ń sùn. Àwọn òǹkọ̀wé sọ pé ó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, tí í ṣe 100,000, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó rì bọmi. Kò sọ ara rẹ̀ di onílé. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de àwọn tí yóò fi Ìwé náà kọ́ wọn. Ìjọba Faransé lé e kúrò ní nǹkan bí oṣù méjìdínlógún lẹ́yìn tí ó dé. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí William Platt, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Dahomey, tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ṣì ń dúró. Ẹ ronú nípa iye Kérésìmesì tí wọ́n ṣe láìsí míṣọ́nnárì kankan. Iṣẹ́ Olúwa kò dúró nítorí pé àlejò lọ.

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ mi kò dùn mọ́ mi. Mo ti rò pé bí n kò bá sí ní Abidjan ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, kò ní sí Kérésìmesì níbẹ̀. Ọlọ́run fi hàn mí pé mo wà níbẹ̀, síbẹ̀ àsè mi kò wáyé, Kérésìmesì sì dé láti inú abọ́ obìnrin Mùsùlùmí.

Nínú Máàkù orí 10, Olúwa ṣèlérí fún ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀ nítorí Ìyìn Rere. Ó ka ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀, bàbá sì wà nínú rẹ̀. Ó ka ohun tí yóò rí gbà ní ayé yìí: ilé, arákùnrin, arábìnrin, ìyá, ọmọ, ilẹ̀. Ẹ kà á dáadáa: kò tún dárúkọ bàbá. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ilé ńlá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo lọ sí Abidjan láti ṣe bàbá gbogbo ènìyàn, mo sì mọ̀ pé ìyá ni Olúwa pèsè fún mi níbẹ̀.

KỌ́BÁNÌ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí gbèsè ilé. Nínú Máàkù orí keje, Olúwa bá àwọn kan wí, àwọn tí wọ́n ń sọ fún òbí wọn pé Kọ́bánì ni ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ràn wọ́n lọ́wọ́, èyí ni pé wọ́n ti fi í fún Ọlọ́run. Ọmọ ni a sábà máa ń wàásù èyí sí létí. Mo ti wá rí i pé òbí náà lè ṣe Kọ́bánì. Mo fi ọwọ́ aya mi, tí ó yẹ kí ó wẹ ọmọ-ọmọ wa, fún Ọlọ́run, ọwọ́ náà kì í sì í ṣe tèmi láti fi tọrẹ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, nígbà tí ìlú rọlẹ̀, a lọ sí ilé tẹlifóònù, a sì bá ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọmọ ta ni ẹ ń wẹ̀ níbẹ̀?” Aya mi kò lè dáhùn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí a ti padà sílé ni ó tó sọ fún mi, láìsí ìbínú, pé, “Bàbá, èmi náà jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohùn yín nìkan ni mo gbọ́.”

Mo ti wàásù lórí ìpè Ábúráhámù fún ọdún 30. N kò kíyèsí i rí pé nígbà tí àwọn àlejò mẹ́ta dé ẹnu àgọ́ rẹ̀, nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 18, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí Sárà aya rẹ̀ wà. Bí ọkọ kò bá bi í, Ọlọ́run yóò bi í.

Kí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ó tọ́ kí àgbà lọ. Ẹni tí a ń ṣe ọdún rẹ̀ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, a kò sì lè máa yọ̀ fún ìlọ rẹ̀ kí a máa ka ìlọ sí èèwọ̀ fún ara wa. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin tí ń lọ àti ẹ̀yin tí ń ránni.

Èkínní, ìpè tọkọtaya, ẹni méjì ni kí ó gbọ́ ọ. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ má ṣe bá ọkọ nìkan sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni méjì sílẹ̀. Kí wọ́n pe ìyàwó sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fún un ní àyè láti sọ pé rárá láìsí ẹ̀sùn.

Èkejì, kí àwọn ọmọ mọ̀ kí a tó lọ. Kì í ṣe pé ọmọ yóò dá bàbá rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò san nínú gbèsè, ó yẹ kí a fi iye rẹ̀ hàn án. Bí ọmọ bá fẹ́ bí, bí àìsàn bá wọlé, kí ìjọ tí ó ránni jẹ́ kí ìyá lọ sílé fún oṣù kan tàbí méjì. Ọwọ́ ìyá kò lè wà ní ibi méjì, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà wà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó lọ gbà láti jẹ́ àlejò. Kí ó kọ́ èdè àwọn onílé, kí ó jẹ oúnjẹ wọn, kí ó jókòó sí orí àpótí tí wọ́n bá gbé fún un. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀bùn, kí ó kọ́kọ́ gba ọ̀kan.

Ní ọdún 2002, ọmọ wa bí ọmọ kejì. Aya mi lọ sí Ìbàdàn, ó sì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nílé, tí mo ń dáná fún ara mi. Ìwẹ̀ kejì kò pa gbèsè àkọ́kọ́ rẹ́, ọmọ wa kò sì ṣe bí ẹni pé ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́ dàgbà díẹ̀, tí ó bèèrè ibi tí ìyá àgbà wà nígbà tí a bí òun, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé, “Wọ́n ń bá mi wẹ ọmọ ẹlòmíràn.” Ìyá àgbà náà ti sùn nínú Olúwa báyìí. N kò mọ bí ọmọkùnrin Baoulé náà ti rí lónìí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan wà ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire tí a ti fi oríkì wa kì, tí kò sì mọ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá jókòó ti oúnjẹ ọdún yìí, ẹ rántí àwọn àgbà tí ó wà ní òkèèrè, ẹ sì rántí àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí àlejò kan bá sì wà ní àdúgbò yín, irú èdè yòówù kí ó máa sọ, ẹ bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá sọ pé òun ti jẹun, ẹ má ṣe tètè gbé abọ́ padà.

Kí Ọlọ́run tí ó gbà láti jẹ́ àlejò wa wá àyè sílẹ̀ nínú ilé olúkúlùkù yín. Ẹ kú ọdún; ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.